ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ: ADÌYẸ TÍ OÚNJẸ KÒ DÀ NÍNÚ RẸ̀

Ìbéèrè: Adìyẹ kan nínú ọgbà ilé yín kò jẹun mọ́. Àpò tí oúnjẹ ń gbà sí ní ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ sì wú, ó le. Ṣe àlàyé ohun tí ó lè fa èyí àti bí o ṣe máa tọ́jú adìyẹ náà.

Ka ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀mejì kí o tó mú bírò. Iṣẹ́ méjì ni ó gbé lé ọ lọ́wọ́: ohun tí ó fa àìsàn, àti ìtọ́jú rẹ̀. Kò béèrè bí adìyẹ ṣe rí, kò sì béèrè ohun tí adìyẹ wúlò fún. Síbẹ̀, nígbà tí mo fún kíláàsì kan ní irú ìbéèrè yìí, ohun tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀ ni pé adìyẹ jẹ́ ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí Ọlọ́run dá, tí ẹran rẹ̀ dùn, tí a sì ń fi ẹyin rẹ̀ jẹ búrẹ́dì. Odindi ìpínrọ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò lórí èyí. Nígbà tí wọ́n yóò fi dé orí àìsàn, agogo ti lù. Ẹni tí ń yẹ ìwé wò kò ní ibi tí yóò kọ máàkì sí fún gbogbo ohun tí a kò béèrè.

Àwọn mìíràn a máa wí pé ìbéèrè àwọn ará oko ni èyí, pé kí ni ọmọ Èkó mọ̀ nípa adìyẹ. Ìwọ jí ní ìdájí kan, kí o rìn gba àwọn àdúgbò tí ó wà lẹ́yìn ọjà Ojúwoyè ní Muṣin, tàbí kí o gba Ìtìrẹ lọ sí Lawanson ní Sùúrùlérè. Àkùkọ tí yóò kọ létí rẹ kò ní níye. Àgò wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, kéèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, àwọn mìíràn sì ń sùn lórí ògiri. Bí kò bá sí adìyẹ nílé tiyín, ó wà nílé kejì. Lọ bi ẹni tí ó ń sìn ín léèrè. Àròkọ tí a fi ìbéèrè kọ sàn ju èyí tí a fi àfojúsùn lásán kọ lọ.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, Ìdí-Oro ní Muṣin ni mo gbé dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá tí ó bí ìyá mi. Ní 1976 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù gbin nǹkan tàbí kí ó sin nǹkan. Màmá Àgbà kò dúró de ìjọba. Ó ti ń sin adìyẹ kí ètò náà tó dé. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà, ó ra mẹ́fà kún wọn. Ìdí ni pé mo fẹ́ jókòó ìdánwò WASC ní 1977, owó ẹyin ni ó sì fẹ́ máa kó jọ láti fi san owó ìdánwò náà. (WASC ni a ń pè é nígbà tiwa. Láti 1988 ni SSCE ti rọ́pò rẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àyà ń já àwa náà bí ó ṣe ń já ẹ̀yin.)

Adìyẹ pupa kan wà láàrin wọn tí kì í fi ẹyin jẹ wá ní gbèsè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a rí i tí ó dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ó ń na ọrùn sókè bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, tí ó sì ń yà ẹnu. A rò pé ebi ni. Mo bu gààrí gbígbẹ fún un, mo sì gbé omi tì í. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, àyà rẹ̀ ti yọ gọnbu síwájú.

Télọ̀ kan wà ní iwájú ilé wa, àgbàlagbà tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún. Màmá Àgbà gbé adìyẹ náà tọ̀ ọ́ lọ.

"Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí ó ṣe èyí."

"Ó ti jẹ ju bí ó ṣe yẹ lọ ni, Màmá. Ẹ jẹ́ kí a dorí rẹ̀ kodò, kí ó pọ̀ ọ́."

Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bàbá Télọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ àpò náà. Omi gbígbóná tí ó ń kan ya jáde lẹ́nu rẹ̀, inú wa sì dùn. Lẹ́yìn náà ni adìyẹ náà na apá rẹ̀, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí Màmá Àgbà la àpò náà, ohun tí a bá níbẹ̀ ni koríko gígùn tí ó lọ́ mọ́ òwú ìránṣọ, gààrí wa sì ti wú yí i ká. Òwú iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Bàbá Télọ̀ ti ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Màmá Àgbà ta adìyẹ méjì mìíràn kí owó mi tó pé, ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ni a sì san án.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni dókítà ẹran kan ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe òwú ni ó pa adìyẹ náà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí a ṣe dorí rẹ̀ kodò, omi inú àpò náà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó yè bí a bá ti fi sílẹ̀ láìjẹun fún ọjọ́ kan.

Ìdí tí mo fi sọ èyí fún ọ kò jìnnà. Nínú àròkọ asọ̀tàn, o lè fi ẹ̀yìn ṣe iwájú, kí ìtàn rẹ sì dùn sí i. Nínú àròkọ alálàyé tí ó níí ṣe pẹ̀lú ìtọ́jú, ìgbésẹ̀ kan kò gbọdọ̀ gba ipò èkejì. Ẹni tí ó bá ka ìwé rẹ gbọ́dọ̀ lè jáde lọ sí ẹ̀yìnkùnlé kí ó sì ṣe ohun tí o kọ láìpa adìyẹ onídìyẹ. Wo ìwé rẹ bẹ́ẹ̀ kí o tó fi sílẹ̀.

Ní ti ìlapa èrò, má ṣe jẹ́ kí ó gùn. Kọ́kọ́ sọ ohun tí àpò náà ń ṣe nígbà tí ara adìyẹ dá, nítorí ẹni tí kò mọ bí ó ṣe yẹ kí ó rí kò lè mọ ìgbà tí ó bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ń fà á. Lẹ́yìn èyí, bí a ṣe ń mọ irú èyí tí ó jẹ́, nítorí pé oríṣi mẹ́ta ni, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Ìtọ́jú ni kí o lo àkókò lé jù. Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, fi ọ̀rọ̀ ìdènà kún un. Bí kò bá ṣẹ́ kù, fi sílẹ̀, ìbéèrè kò béèrè rẹ̀ gan-an.

Àpẹẹrẹ nìyí. Ó gùn ju èyí tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò lọ. Mo fẹ́ kí o rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Bí a ṣe ń tọ́jú adìyẹ tí àpò ọ̀fun rẹ̀ dí

Adìyẹ kò ní eyín. Ohun tí ó bá ṣà ni ó ń gbé mì, ìbáà ṣe àgbàdo, ìbáà ṣe kòkòrò. Nígbà tí oúnjẹ bá kọjá ọ̀fun, kì í dé ikùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Àpò kan wà ní ìsàlẹ̀ ọrùn, níwájú àyà, tí ó tẹ̀ sí apá ọ̀tún adìyẹ. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń dúró tí omi sì ń rẹ ẹ́, kí ó tó máa sọ̀ kalẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Àpò ọ̀fun ni n ó máa pè é. Láti ibẹ̀, oúnjẹ á wọ inú ikùn kékeré kan tí ó ní omi kíkan, lẹ́yìn náà á dé iwe. Iwe ni ọlọ adìyẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ tí adìyẹ ń ṣà jẹ ń bẹ nínú rẹ̀, òun ni ó sì fi ń lọ oúnjẹ. Ohun tí àwọn àgbà ti rí tipẹ́ nìyí, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: adìyẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun kò léyín, ìdérègbè tí ó léyín ń gbé irin mì bí?

Nígbà tí ara adìyẹ bá dá, àpò yìí máa ń kún ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé adìyẹ máa ń jẹun dáadáa kí ó tó lọ sùn. Ní òru, oúnjẹ náà á máa lọ sísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, àpò náà ti ṣófo, ó sì ti pẹlẹbẹ. Nítorí náà, bí o bá rí adìyẹ tí àyà rẹ̀ yọ ní ìrọ̀lẹ́, má bẹ̀rù. Àárọ̀ ni a fi ń dá a mọ̀.

Ohun tí ó sábà máa ń dí àpò ọ̀fun ni ohun gígùn tí kò ṣeé já: koríko gbígbẹ, èèpo àgbàdo, okùn, òwú. Ní àwọn ilé tí ó há mọ́ra bí tiwa ní Muṣin àti Sùúrùlérè, mo gbọ́dọ̀ fi irun tí àwọn onídìrí ń gé dànù kún un, àti ọ̀rá omi tí ọmọdé fi eyín ya, tí ó sì sọ sílẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í rà. Wọ́n á lọ́ mọ́ra bí ìtẹ́ ẹyẹ, oúnjẹ tí ó bá sì dé lẹ́yìn wọn á dì mọ́ wọn. Àìrí òkúta wẹ́wẹ́ ṣà náà wà níbẹ̀. Adìyẹ tí ó wà lórí sìmẹ́ǹtì láti àárọ̀ di alẹ́ kò rí ohun tí iwe rẹ̀ yóò fi lọ oúnjẹ. Bí iwe bá sì dúró, àpò ọ̀fun tí ó wà lókè rẹ̀ á kún dé ẹnu. Ebi pẹ̀lú ń fà á. Adìyẹ tí a febi pa dọ̀sán á fi ìwọra gbé oúnjẹ mì nígbà tí a bá dà á sílẹ̀.

Bí o bá fura sí adìyẹ kan, mú un kúrò láàrin àwọn yòókù ní ìrọ̀lẹ́. Fi sínú àgò, kí o gbé omi tútù tì í, ṣùgbọ́n má fún un ní oúnjẹ kankan. Rí i pé kò sí koríko tàbí lẹ́búlẹ́bú igi tí ó lè ṣà jẹ nínú àgò náà. Ní ìdájí, kí ó tó jẹ ohunkóhun, gbé e sábẹ́ apá rẹ kí orí rẹ̀ wà lókè, kí o sì fi ìka mẹ́ta fọwọ́ ba àpò náà jẹ́jẹ́.

Bí ó bá pẹlẹbẹ, kò sí ohun tí ó ṣe àpò ọ̀fun rẹ̀. Wá àìsàn rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Bí ó bá le bí iṣu tí a gún tí ó ti tutù, ó ti dí nìyẹn. Bí ó bá rọ̀ bí ọ̀rá tí omi kún inú rẹ̀, tí ẹnu adìyẹ sì ń rùn bí ògì tí ó ti bàjẹ́, ó ti kan ni. Bí ó bá sì ti ń fì sísàlẹ̀ bí àpò ọlọ́jà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, iṣan rẹ̀ ti rọ, ó sì ṣòro kí ó tún padà sí bí ó ṣe wà.

Èyí tí ó dí ni ọwọ́ wa nílé ká jù. Má fún un ní oúnjẹ fún wákàtí 12 sí 24. Omi nìkan ni kí ó máa mu. Fi síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un ní òróró ẹ̀pà tàbí àdí àgbọn díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má ju ṣíbí ìmutíì kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni kí o máa kán an sí, ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí o sì dúró kí ó gbé e mì kí o tó kán òmíràn. Ìdí rẹ̀ ni pé ihò tí adìyẹ fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀ gan-an, ohun tí a bá dà sí i lọ́fun lójijì lè gba ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, fi ìka ra àpò náà jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ẹni tí ń fọ́ kókó inú ẹ̀kọ gbígbóná. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Bí ó bá ń yọrí, wàá rí i pé ohun líle náà ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, fún un ní oúnjẹ rírọ̀ díẹ̀: oúnjẹ adìyẹ tí a pò mọ́ omi, tàbí ẹyin sísè tí a rún. Kò gbọdọ̀ rí gààrí gbígbẹ tàbí búrẹ́dì gbígbẹ, nítorí pé wọ́n á wú nínú àpò náà.

Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí àpò náà sì le síbẹ̀, gbé e tọ dókítà ẹran lọ. Dókítà lè la awọ àti àpò náà, kí ó kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, kí ó sì rán an. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń fi abẹ ìfárí ṣe é nílé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Pé kò pariwo kò ní kí ó má dùn ún.

Èyí tí ó kan kò gba irú ìtọ́jú kan náà. Ohun tí ń fà á ni ìwúkàrà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Candida albicans, tí ó máa ń pọ̀ sí i nígbà tí oúnjẹ bá pẹ́ nínú àpò náà. Oúnjẹ tí ó ti bu àti omi ìdọ̀tí ń ràn án lọ́wọ́. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a sáré lọ ra kápúsù tẹtirasáíkílì ní kẹ́místì, kí a tú u sínú omi rẹ̀. Oògùn bẹ́ẹ̀ kì í pa ìwúkàrà. Àwọn kòkòrò kékeré tí ń bá ìwúkàrà náà du ààyè ni ó ń pa, èyí sì lè jẹ́ kí ó gbilẹ̀ sí i. Oògùn tí àwọn dókítà ẹran ń lò fún un ni nystatin, dókítà ni yóò sì sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tí ìwọ lè ṣe nílé ni kí o mú oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí o máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí o sì fọ ohun tí ó fi ń mu ún. Má ṣe dorí rẹ̀ kodò kí ó lè bì. Omi tí ó wà nínú àpò náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ó sì pa á lójú ẹsẹ̀.

Èyí tí ó ń fì kò ní oògùn. Máa fún un ní oúnjẹ rírọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, kí àpò náà má baà kún jù.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé nígbà mìíràn, àpò ọ̀fun kọ́ ni àìsàn gan-an. Àrùn Marek, tí dókítà ẹran kan ní ilẹ̀ Hungary, József Marek, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1907, lè ba iṣan jẹ́ tí oúnjẹ kò fi ní lọ mọ́. Ẹsẹ̀ adìyẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rọ, ọ̀kan á nà síwájú, èkejì á nà sẹ́yìn. Àrùn Newcastle, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní lúkúlúkú, máa ń mú kí adìyẹ má jẹun, kí ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi ewé, kí ọrùn rẹ̀ sì lọ́. Ẹnikẹ́ni tí adìyẹ rẹ̀ bá ń ṣà ewé òjé láti inú bátìrì mọ́tò tí a tú ká, kí ó mọ̀ pé òjé náà lè mú kí àpò ọ̀fun dúró, ó sì lè wọ inú ẹyin tí a ó jẹ. Bí adìyẹ bíi mẹ́ta bá sì ṣàìsàn tàbí tí wọ́n kú láàrin ọjọ́ kan, má fọwọ́ kàn wọ́n, má tà wọ́n, má sì dú wọn fún ọbẹ̀. Pe àwọn dókítà ẹran ti ìjọba. Ní 2006 ni àrùn ẹyẹ tí a ń pè ní H5N1 wọ Nàìjíríà, ní oṣù kìn-ín-ní 2007 ni ó sì pa obìnrin kan ní Èkó.

Ọ̀nà ìdènà kò wọ́n. Da yanrìn tí ó ní òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo kan fún àwọn adìyẹ tí kì í jáde. Gé ewé àti koríko kúrú kí o tó fún wọn. Eèrí ògì dára, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti sùn kí a dà á nù. Ní àárọ̀, kí a tó tú wọn sílẹ̀, ẹnì kan ní ilé kí ó gbá ọgbà, kí ó ṣa okùn, irun àti ọ̀rá kúrò nílẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí adìyẹ bá ti gbádùn, máa fọwọ́ ba àpò ọ̀fun rẹ̀ ní ìdájí, nítorí pé èyí tí ó ti dí lẹ́ẹ̀kan máa ń tètè dí lẹ́ẹ̀kejì.

ÀKÍYÈSÍ

Wo bí àròkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì sọ pé òun fẹ́ ṣe àlàyé. Nínú gbogbo rẹ̀, òwe méjì ni ó wà, èkíní sì ṣiṣẹ́: òun gan-an ni ẹ̀rí pé àwọn baba wa mọ iṣẹ́ òkúta nínú iwe. Èkejì kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí o bá gbé òwe mẹ́wàá kalẹ̀ níbi tí méjì tó, ẹni tí ń yẹ ìwé wò á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ.

Òǹkọ̀wé náà kò sọ pé "àpò ọ̀fun" títí tí ó fi ṣàpèjúwe ibi tí ó wà àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí orúkọ nǹkan kò bá wá sí ọ lọ́kàn nínú gbọ̀ngàn, ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Yorùbá, fún un ní orúkọ tí ó bá a mu, kí o sì di orúkọ náà mú títí dé ìparí. Má pè é ní àpò ọ̀fun ní òkè, kí o pè é ní ikùn ní àárín, kí o tún pè é ní ọ̀nà ọ̀fun ní ìsàlẹ̀. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Fi àmì sí ọ̀rọ̀. Iwe ni adìyẹ ní. Ìwé ni ìwọ ń kà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ sínú ìdánwò àṣewò pé adìyẹ fi òkúta sínú ìwé rẹ̀, gbogbo yàrá olùkọ́ ni ó sì rẹ́rìn-ín. Inú àgò ni a ń fi adìyẹ sí, kì í ṣe inú àgọ́. Abẹ ni a fi ń fá irun. Abẹ́rẹ́ ni dókítà fi ń gún ènìyàn.

Kíyè sí i pẹ̀lú pé níbi tí ewu wà, gbólóhùn kúkúrú ni ó lò: "Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀." Níbi tí ó ti ń ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni àwọn gbólóhùn gígùn wà. Ìpínrọ̀ adìyẹ tí àpò rẹ̀ ń fì kúrú nítorí pé kò sí ohun púpọ̀ láti sọ lórí rẹ̀. Má ṣe bú omi mọ́ ìpínrọ̀ kí ó lè gùn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibì kan wà tí mo lè dín máàkì kù fún un. Ìpínrọ̀ tí ó sọ̀rọ̀ àwọn àrùn mìíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àròkọ ọ̀tọ̀. Òjé inú bátìrì ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń gbé nítòsí àwọn mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n bí àkókò bá ń lọ, gbólóhùn kan tó fún gbogbo rẹ̀: pé bí adìyẹ púpọ̀ bá ń ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpò ọ̀fun.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tí ó ń gbé ní Yábàá kọ̀wé sí ọ pé ọ̀kan nínú adìyẹ òun kò jẹun láti àná, àti pé aládùúgbò òun ní kí òun dorí rẹ̀ kodò. Kọ lẹ́tà èsì sí i. Rántí pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni. "Ẹ" ni o máa lò fún un, o kò sì gbọdọ̀ pàṣẹ fún un bí ọmọdé.

2. Kọ ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì láàrin onílé kan tí kò fẹ́ adìyẹ nínú ọgbà rẹ̀ mọ́, àti ayálégbé kan tí ó ń fi owó ẹyin san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì ní ẹjọ́ tí ó ṣeé gbọ́.

3. Nínú àpẹẹrẹ àròkọ tí ó wà lókè, mú ìpínrọ̀ tí ó sọ bí a ṣe ń fún adìyẹ ní òróró. Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tí yóò ṣe é láìsí àgbàlagbà nílé. Kí ni o ní láti fi kún un?